Ògiri Tí Wọ́n Là Ṣáájú Ìgbéyàwó

Wọ́n ní ìfẹ́ fọ́jú. A ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí à ń sọ yìí ní ọwọ́, ọwọ́ náà di òòlù mú, ọ̀sán gangan ló sì fi lu ògiri tí kì í ṣe tirẹ̀.

Obìnrin tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí ń rán kọ́tìnì tà. Sísí Kọ́tìnì ni gbogbo ilé ń pè é, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé bí èèyàn bá pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi rán kọ́tìnì sí fèrèsé onífèrèsé kó tó ra fúláàtì tirẹ̀, yàrá méjì àti pálọ̀ ní àjà kẹta ilé kan tí olúkúlùkù ti ra fúláàtì tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́, ó jókòó sórí táìlì lásán, ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín.

Àbúrò ìyá rẹ̀, tó ń pè ní Àǹtí, ló bá a wá fúláàtì náà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni Àǹtí ń gbé, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onífúláàtì. Látìgbà tí ìyá Sísí Kọ́tìnì ti kú, Àǹtí ló ń bá a wí, òun náà ló sì ń gbèjà rẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa," Àǹtí sọ fún un lọ́jọ́ kìn-ín-ní. "Ẹgbẹ́ ti ṣe ìnṣọ́ránsì fún ilé yìí. Òrùlé, àtẹ̀gùn, páìpù ńlá àti gbogbo ògiri, títí kan èyí tó pààlà láàárín ìwọ àti aládùúgbò rẹ, ti gbogbo wa ni. Ṣùgbọ́n láti ibi ọ̀dà ògiri sínú, tìẹ ni. Táìlì rẹ, kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ, aṣọ tó o kó jọ, ẹgbẹ́ ò mọ̀ wọ́n rí. Tí wọ́n bá jóná, ojú lo máa fi wò wọ́n, àfi tó o bá ṣe ìnṣọ́ránsì tìẹ lọ́tọ̀."

"Háà, Àǹtí, ẹ má ṣépè fún mi o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé ni."

"Ta ló ṣépè? Ìnṣọ́ránsì kì í pe iná wá. Lọ ṣe é lónìí."

Ó lọ ṣe é, ó sì gbàgbé rẹ̀, bí gbogbo wa ṣe máa ń gbàgbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn ògiri pálọ̀ rẹ̀ ń ya fótò fún àwọn tó ń ṣèyàwó àti àwọn tó ń polówó ọjà. Onífótò ni wọ́n ń pè é. Ògiri ni wọ́n fi kọ́kọ́ kí ara wọn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, Sísí Kọ́tìnì ń tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan nítorí iṣẹ́ kan tó gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ kejì, ni ẹnìkan bá gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí i. Òun náà gbá a padà lẹ́ẹ̀mẹta. Ni wọ́n bá tún gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé ṣeré. Kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín.

Lórí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti wá rí ara wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ kan ọkọ̀ òfuurufú?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Apá kan ló kù. Ṣé ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni?"

"Tí ẹ̀yin náà bá máa wà nínú rẹ̀."

Ọkùnrin náà ní irú ojú tó máa ń wo èèyàn bíi pé kò sí ẹlòmíràn láyé. Iṣẹ́ rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Sísí Kọ́tìnì ò ronú dé ibẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé òun dé orí àjà kẹta láìmọ̀ pé òun ti gun àtẹ̀gùn.

Láti ìgbà náà, ògiri di òṣìṣẹ́ wọn. Bí Onífótò bá gbá a lẹ́ẹ̀kan, omi tíì ti hó nìyẹn. Bí Sísí Kọ́tìnì bá gbá a lẹ́ẹ̀mejì, ó ti parí iṣẹ́, kó máa bọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ gan-an wá kún ọkùnrin náà lẹ́nu tí kò rí i sọ, ọ̀dọ̀ Àǹtí ló gbà lọ.

"Ọmọkùnrin òkè lọ́hùn-ún ní kí n bá òun bẹ̀ ọ́," Àǹtí sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fi ojú ṣeré.

"Kí ló ṣe mí tó fi ń bẹ̀bẹ̀?"

"Ó ní o ò jẹ́ kí òun rí oorun sùn."

"Ariwo ẹ̀rọ mi ni?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Ìwọ gan-an ni."

Sísí Kọ́tìnì bo ojú. Àǹtí ní kó ṣí ojú, pé ojú ló fi máa wo ọkọ.

Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò yára. Bàbá yìí ti wa bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ràn ẹni tó bá ń sáré ní kọ́nà. Lẹ́yìn tí Onífótò wá kí i, tó sì lọ, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ṣùgbọ́n mo bi í pé, tí nǹkan bá le, ta ló máa ń kọ́kọ́ gba ẹ̀bi nínú ilé wọn? Ó fi ẹ̀rín dá mi lóhùn."

"Bàbá, ṣé ẹ̀rín burú ni?"

"Ẹ̀rín ò burú. Ìbéèrè mi ṣì wà níbi tí mo gbé e sí ni."

Inú bí Sísí Kọ́tìnì sí bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní àgbà ti ń dé sí bàbá.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ti délẹ̀ tán, ó ku kí ẹbí méjèèjì pàdé, ni Onífótò gbé èrò kan wá. Wọ́n jọ ń mu tíì ní pálọ̀ obìnrin náà. Ọkùnrin náà fi ìka kan ògiri.

"Tí a bá fẹ́ra tán, ilé ta ni a máa gbé?"

"Tìẹ. Àbí tèmi. Mi ò mọ̀."

"Méjèèjì. Kí ló dé tí màá fi máa jáde lẹ́nu ọ̀nà kan láti wá kan ilẹ̀kùn òmíràn? Ká la ògiri yìí, ká fi ẹnu ọ̀nà síbẹ̀. Ilé wa á di ọ̀kan kí àwa tó di ọ̀kan."

"Ògiri yẹn kì í ṣe tiwa. Àǹtí ní ti gbogbo ilé ni, àfi ká gbàṣẹ."

"A máa gbàṣẹ. Lẹ́yìn ìgbéyàwó. Ta ló máa ní kí tọkọtaya di ẹnu ọ̀nà wọn nígbà yẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Síbẹ̀ ọkàn Sísí Kọ́tìnì ò balẹ̀, ó bá dọ́gbọ́n bi bàbá rẹ̀ pé bí ẹni méjì bá fẹ́ so ilé pọ̀ ńkọ́. Bàbá ní kí wọ́n so àwọn èèyàn inú rẹ̀ pọ̀ ná. "Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀," ó ní. Ọmọ rẹ̀ rò pé òwe lásán ni bàbá ń pa.

Onífótò ní òun ò mọ bíríkìlà kankan, nítorí náà Sísí Kọ́tìnì ló pe ẹni tó máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ tún ilé ṣe. Ọ̀sán, nígbà tí Àǹtí wà níbi iṣẹ́, ni bíríkìlà dé. Kó tó sàmì sí ògiri tán, Onífótò ti gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin gan-an?"

"Èmi gan-an ni. Ìyàwó mi ni mò ń lọ bá."

Ó gbé òòlù sókè, ó gbá ògiri, eruku bò ó lórí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wọ́n. Ìyàwó mi. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ obìnrin náà lára ju gbogbo ohun tó ti sọ tẹ́lẹ̀ lọ. Ó rán kọ́tìnì aláwọ̀ wúrà méjì, ó fi ọ̀kan kọ́ ìhà tirẹ̀, ó fi ìkejì kọ́ ìhà ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà. Àlejò tó bá wọlé á yin kọ́tìnì, kò ní mọ̀ pé ògiri ti là lẹ́yìn rẹ̀.

Iná tó jó wọn ò pẹ́ ẹ́ dé. Onífótò ń fi bátìrì iná fótò rẹ̀ gba iná lórí tábìlì, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, àwọn méjèèjì sì jáde lọ wo òrùka. Bátìrì gbóná, ó bú gbàù, iná ràn mọ́ tábìlì. Ká ní ògiri wà níbẹ̀ ni, fúláàtì kan ṣoṣo ni ì bá jó. Nítorí iná gan-an ni wọ́n ṣe fi búlọ́ọ̀kù pààlà ilé. Ṣùgbọ́n iná rí kọ́tìnì aláwọ̀ wúrà, ó gba ibẹ̀ kọjá, ó bá aṣọ tí Sísí Kọ́tìnì ká jọ láti ilẹ̀ dé òkè. Kí àwọn panápaná tó dé, kò ku nǹkan kan fún un àfi táìlì dúdú àti irin ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹnikẹ́ni ò kú, ọpẹ́ ni.

Ọjọ́ tí obìnrin iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fẹ́ wá wo ilé, Onífótò fa Sísí Kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àtẹ̀gùn. Iléeṣẹ́ kan náà ló ṣe ìnṣọ́ránsì fún àwọn méjèèjì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Wọ́n máa bi wá pé ta ló la ògiri," ó ní. "Ẹni tó bá fọwọ́ kan ògiri ilé láìgbàṣẹ, tí iná bá sì gba ibẹ̀ kọjá, wọn ò ní san kọ́bọ̀ fún un. Tí a bá ní àwa méjèèjì ni, àwa méjèèjì la máa pàdánù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹnìkan..."

"Ẹnìkan wo?"

"Wò ó, kámẹ́rà mi, kọ̀mpútà mi, gbogbo wọn ló lọ. Tìẹ, aṣọ ni àti ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá san tèmi, a máa fi tún méjèèjì ṣe. Ṣebí ọ̀kan náà ni wá?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ ni iná ti bẹ̀rẹ̀."

"Mo mọ̀. Ìyẹn jẹ́ èèṣì, wọ́n máa ń san ti èèṣì. Ògiri ni wọn ò ní gbọ́. Ìwọ lo sì pe bíríkìlà, kì í ṣe irọ́ pátápátá." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi lọkọ rẹ. Ṣé mo lè jẹ owó rẹ gbé?"

Aṣọ ni àti ẹ̀rọ. Ó dùn ún bó ṣe sọ ọ́, bíi pé nǹkan yẹpẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ó wo ojú ọkùnrin náà, ó rí ìbẹ̀rù níbẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun ò bá lè ru ẹrù yìí, irú ìyàwó wo ni òun fẹ́ jẹ́?

Obìnrin ìnṣọ́ránsì dé, ó wọ bàtà rọ́bà, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo igun. Àǹtí dúró lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Ta ló la ògiri yìí?"

Sísí Kọ́tìnì wo Onífótò. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọn eérú kúrò lára kámẹ́rà kan tí kò lè ya nǹkan kan mọ́.

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Ẹni tó ń gbé òdìkejì ò mọ̀ sí i?"

"Ó rìnrìn-àjò nígbà náà."

Èyí tó sọ kẹ́yìn yìí ò sí nínú ohun tí wọ́n jọ ṣètò. Ìfẹ́ ló mú kó fi kún un. Obìnrin náà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí ní, "Ìwọ? Ìwọ tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún?" Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé rẹ̀.

Nǹkan wá rí bí Onífótò ṣe sọ pé ó máa rí. Iléeṣẹ́ ò san nǹkan kan fún obìnrin náà, wọ́n san ti ọkùnrin náà. Ẹgbẹ́ di ògiri padà, wọ́n ní Sísí Kọ́tìnì ló ni ìnáwó rẹ̀. Ní òdìkejì, àwọn akunlé dé, àwọn onítáìlì dé, ọ̀dà funfun tuntun ń rùn dé orí àtẹ̀gùn. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i," ni àwọn ará ilé ń wí tí wọ́n bá kí Onífótò. Tí wọ́n bá rí Sísí Kọ́tìnì, wọ́n á dákẹ́, àwọn mìíràn á fa ọmọ wọn mọ́ra.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí ló ń sùn. Ẹ̀rọ àyálò ló fi ń ránṣọ. Nígbàkígbà tó bá béèrè ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní fúláàtì tòun, Onífótò á ní kó fara balẹ̀, kí ìgbéyàwó kọjá ná. Ọ̀sán kan, ó lọ gbá ilẹ̀ fúláàtì rẹ̀ tó jóná. Ó gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ògiri tuntun. Ó gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, kò sì gbá a padà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé búlọ́ọ̀kù tuntun nípọn, ọkùnrin náà lè má gbọ́. Ta ló ń tàn?

Ọjọ́ tí ẹbí méjèèjì pàdé, pálọ̀ Onífótò ni wọ́n kó jọ sí. Bàbá wọ aṣọ tó dáa jù tó ní, Àǹtí jókòó tì í. Ìyá Onífótò, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́, ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Ẹ má bínú sí mi. Mi ò kórìíra ọmọ yín. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé yìí ló ń sọ ọ́, ọmọ mi náà ò sì sọ pé irọ́ ni. Wọ́n ní òun nìkan ló dá ògiri lu nígbà tí ọmọ mi ò sí nílé, ibẹ̀ ni iná gbà. Obìnrin tó lè la ilé ọkùnrin láìsọ fún un, kí ni kò ní là? Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Sísí Kọ́tìnì gbójú sókè, ó ń wo ọkùnrin tó fẹ́ràn. Kò sí obìnrin ìnṣọ́ránsì níbẹ̀. Ẹbí nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù kó sọ: Màmá, àwa méjèèjì ni. Ó dúró de ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i tí Onífótò la ẹnu, ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ti dé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," Onífótò ní, ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ dárí jì í. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó ti kọ́gbọ́n."

Ká ní ó lé e jáde ni, kì bá tí dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dárí jì í! Ẹ̀bi tí òun gbé rù nítorí rẹ̀ ló tún ń bá òun tọrọ àforíjì lé lórí, bí ẹni ń ṣàánú. Ó wá yé e pé bátìrì kọ́ ló jó ilé òun.

"Bàbá, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ó ní.

Ní pálọ̀ Àǹtí ló ti sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí òòlù dé orí irọ́ ìrìn-àjò. Àǹtí fi ọwọ́ lérí.

"Èmi ni mo bá a gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èmi ni mo bá ọ̀dàlẹ̀ ṣe alárinà!"

"Àǹtí, èmi ni mo purọ́. Ẹ má gba ìyẹn rù mọ́ tiyín."

Bàbá ò sọ pé ṣebí òun wí. Bàbá gidi ni. Ó kàn béèrè pé, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

Ó mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: ó wù ú kó dun ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ohun tó wù ú jù ni kí ẹnu òun yé jẹ́rìí lòdì sí òun, kí òun lè gun àtẹ̀gùn ilé tí òun fi òógùn ojú rà láìfi ojú wolẹ̀.

Ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, obìnrin bàtà rọ́bà gbọ́ ọ títí dé òpin. Bíríkìlà wà níta, ó ti ṣetán láti sọ ẹni tó kọ́kọ́ gbé òòlù.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kẹ́ ẹ tó buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí yìí," obìnrin náà ní. "Èyí ò ní dá nǹkan kan padà fún yín. Ẹ ti purọ́ fún wa, a ò sì ní ṣe ìnṣọ́ránsì fún yín mọ́. Òun náà máa dá ohun tó gbà padà. Kò sẹ́ni tó máa jèrè níbẹ̀."

"Mo mọ̀, mà."

"Kí lẹ wá ń wá?"

"Mo fẹ́ kó wà nílẹ̀ pé èmi nìkan kọ́."

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé ọ̀dọ̀ Onífótò. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láti àjà kẹta, ó ń gbá ilẹ̀kùn Àǹtí bíi pé ó fẹ́ ya. Sísí Kọ́tìnì fúnra rẹ̀ ló ṣí i. Ojú ọkùnrin náà pọ́n, àwọn ará ilé sì ti ń yọ orí lórí àtẹ̀gùn.

"Kí ni mo ṣe fún ọ? O fẹ́ kí n padà sórí eérú? O ti ba ti àwa méjèèjì jẹ́!"

"O ní kí wọ́n dárí jì mí."

"Mò ń bá ọ bẹ̀bẹ̀ ni! Kí lo fẹ́ kí n sọ? Ṣé o rò pé mo gbàgbé ni? Àwa méjèèjì la la ògiri yẹn! Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé òòlù, mo mọ̀!"

Sísí Kọ́tìnì wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà. Ìyá Onífótò, tó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti tẹ̀ lé e sọ̀ kalẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú, gèlè rẹ̀ ò tíì dúró lórí.

"Tún un sọ," Sísí Kọ́tìnì ní. "Màmá wà lẹ́yìn rẹ."

Onífótò yíjú. Ìyá àti ọmọ wo ara wọn. Sísí Kọ́tìnì rọra ti ilẹ̀kùn. Ó fẹ̀yìn tì í, ó jókòó sílẹ̀, ìgbà náà ló tó sunkún, nítorí ó ṣì fẹ́ràn rẹ̀.